Ìdérí Kẹta

"Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì wálẹ̀ rárá. Ẹnjiníà ni gbogbo ọsibítù ń pe ọmọbìnrin náà, torí òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, bírò olówó ńlá kan sì wà lórí ìwé náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò gùn: pé òun ló jí ìdajì mẹ́mọ́rì inú sáfà, ìyá kọ̀ǹpútà ọsibítù, pé òun fi ayédèrú dí àyè rẹ̀, àti pé òun fúnra òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá buwọ́ lù ú, ilé ló ń lọ. Bí kò bá buwọ́ lù ú kí ọ́fíìsì tó ti, àtìmọ́lé ló máa sùn, orúkọ olè yóò sì máa tẹ̀ lé e dé ibikíbi tó bá ti wáṣẹ́.

"Àánú ìyá ẹ ló ń ṣe mí," Ọ̀gá Àgbà ọsibítù wí. Dókítà ni, irun orí rẹ̀ ti funfun, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn nínú ọgbà náà. "Tìẹ kọ́."

Ìyá tó ń wí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ débi pé òun ló kọ́ àwọn dókítà mélòó kan bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ni wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ lólè.

"Ọmọ mi, buwọ́ lù ú ká máa lọ," ó ní. "Iṣẹ́ ò tán láyé."

"Màmá, tí mo bá buwọ́ lù ú, orúkọ ẹ̀yin náà ni mo bà jẹ́ yẹn. Mi ò ṣe é."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ni, ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, ó jókòó sí igun bí ẹni tó wá gba oògùn. Kí-nìdí ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ wọn, torí kò sí ohun téèyàn lè sọ fún un tí kò ní bi í pé kí nìdí. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ti kọ́ láti máa to ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ pé òun ń jáde. Obìnrin yìí dìde, ó mú bírò kúrò lórí ìwé náà, ó sì fi há àpò àyà rẹ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, bírò mi nìyẹn," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Mo mọ̀, sà. Màá dá a padà tí mo bá ti rí ẹni tó yẹ kó lò ó."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lọ tú dúrọ́ọ̀ Ẹnjiníà. Kò rí mẹ́mọ́rì kankan níbẹ̀. Ó rí wáyà, ó rí bisikíìtì tó ti rọ̀, ó sì rí ike funfun méjì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ẹnu páálí ìṣáná, tí wọ́n fi tísù wé bí ohun iyebíye.

"Kí nìdí tó o fi ń tọ́jú ike?" ó bi Ẹnjiníà ní ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìdérí ni, mà. Òun ni wọ́n fi ń bo ihò tí prósẹ́sọ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ, máa ń jókòó sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá fi prósẹ́sọ̀ síbẹ̀, ìdérí á kúrò. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa kì í sọ ọ́ nù. Tí bọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, àwọn tó ṣe é ò ní gbà á padà láìsí ìdérí lórí ihò ẹ̀."

Kí-nìdí fi ike méjèèjì sápò, kì í ṣe pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

*

Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló mú un wọ yàrá sáfà. Ọkùnrin tó mọ aṣọ ọ́ wọ̀ ni. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun téèyàn fẹ́ kọ́ ọ tí kì í fi "mo ti mọ̀" dá a lóhùn. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ sáfà náà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá ni, òun ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù gbára lé. Ibẹ̀ ni àwòrán ẹ́síréè àti èsì àyẹ̀wò gbogbo aláìsàn wà.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ẹnjiníà to gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀," Mo-ti-mọ̀ wí. "Prósẹ́sọ̀ tuntun méjì. Mẹ́mọ́rì lápá ọ̀tún, mẹ́mọ́rì lápá òsì. Ó di ọ̀sẹ̀ yìí, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àwọn dókítà ń pariwo. Mo wo ojú ẹ̀rọ, ìdajì mẹ́mọ́rì ló ń kà. Èmi àti Ọ̀gá Àgbà jọ ṣí i. A bá mẹ́mọ́rì pé pérépéré. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ó ti pààrọ̀ ìdajì sí ayédèrú."

"Kí nìdí tó fi jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́?"

"Ibi tí ojúkòkòrò ẹ̀ mọ nìyẹn."

"Kí nìdí tẹ́ ò fi jẹ́ kó wá wò ó?"

Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ká jẹ́ kí olè padà síbi tó ti jalè?"

Kí-nìdí yọ ọ̀kan nínú mẹ́mọ́rì tí wọ́n pè ní ayédèrú, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka méjì, ó sì gbé e lọ sí òpópónà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jí ojúlówó, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tà á. Ó yà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àwọn ọlọ́jà ń wò ó tìfuratìfura. Ìsọ̀ kan tó kún dé ẹnu ọ̀nà ló ti rí ọkùnrin onígíláàsì kan tó gba mẹ́mọ́rì náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì yí i síwá sẹ́yìn.

"Ta ló pe èyí ní ayédèrú?"

"Àwọn tó yẹ kó mọ̀."

Ọkùnrin náà kì í bọ ògbólógbòó sáfà kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Iná tàn, ẹ̀rọ jí, ó sì ka mẹ́mọ́rì náà. "Ojúlówó rèé o. Ta ló sì gbé irú ẹ̀ wá tà? Kò sí. Sáfà nìkan ló ń gba irú èyí. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ kọ̀ǹpútà ilé, á wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn ò ní jí. Ta ni olè fẹ́ rí tà á fún?"

Ó dun Kí-nìdí pé òun ti fi àárọ̀ òun wá ohun tí kò sọnù. Bó ṣe jáde síta ni fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ni.

"Ọ̀gá Àgbà ọsibítù ti pè mí. Mú ọmọ náà wá, ká pa fáìlì yẹn dé."

"Kò tíì jinná, sà."

"Àṣẹ ni mò ń pa o!"

"Mo gbọ́, sà. Tí mo bá parí, màá wá gba ìyà mi." Ó pa fóònù náà, ó sì jù ú sínú báàgì. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn.

*

Ó bá Ẹnjiníà àti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Mẹ́mọ́rì yìí, ojúlówó ni," Kí-nìdí wí. "Ó wà láàyè ẹ̀. Kí ló lè mú kí ẹ̀rọ má rí ìdajì ẹ̀?"

Ẹnjiníà dìde fùú. "Prósẹ́sọ̀! Mà, prósẹ́sọ̀ méjèèjì ló ní apá tirẹ̀. Mẹ́mọ́rì ọ̀tún, tọ̀tún ló ń bọ́ ọ. Mẹ́mọ́rì òsì, tòsì ló ń bọ́ ọ. Tí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, mẹ́mọ́rì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀ bí ọmọ aláìníyàá. Ẹ̀rọ ò ní rí i rárá."

"Kí nìdí tó ò fi sọ ọ́ látàárọ̀?"

"Ta ló bi mí? Ohun tí wọ́n ń bi mí ni ibi tí mo tà á sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n má sún mọ́ ọn."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá sáfà, Kí-nìdí ti ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Àgbà. Ó dé tìbínútìbínú.

"Prósẹ́sọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀," Mo-ti-mọ̀ wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ẹ wo irin wọn." Irin ńlá méjì tó ní eyín bíi ti òòyà wà nínú sáfà náà lóòótọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí prósẹ́sọ̀ kó lè fa ooru rẹ̀ kúrò. Irin méjèèjì jọra bí ìbejì.

Kí-nìdí yọ bírò Ọ̀gá Àgbà jáde lápò, ó sì tẹ́ ẹ lélẹ̀ láti orí irin kan dé orí èkejì. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀. Bírò náà dúró díẹ̀, ó sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó já bọ́ sórí wáyà.

"Irin òsì ga ju ọ̀tún lọ," ó ní. "Kí nìdí?"

"Síkúrù ẹ̀ ni kò le," Mo-ti-mọ̀ dáhùn. Ó yá a lára jù.

"Ẹ jẹ́ ká tú u nígbà náà. Ẹnjiníà, bọ́ síbí."

"Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" Ọ̀gá Àgbà bú jáde.

"Níṣojú yín ni yóò ti ṣe é, sà. Tó bá jí nǹkan kan níṣojú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti àwa méjèèjì mọ́lé pọ̀."

Ẹnjiníà tú síkúrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé irin náà sókè. Prósẹ́sọ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ike dúdú pẹlẹbẹ kan ló wà lórí ihò náà, wọ́n bò ó dáadáa, òun ló sì gbé irin náà ga.

Ẹnu Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ ṣí. "Prósẹ́sọ̀ ló jí! Èyí tiẹ̀ burú ju mẹ́mọ́rì lọ. Òun ló tò ó, òun ló mọ̀ ọ́n tú!"

"Mo ti mọ̀!" Mo-ti-mọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti mọ̀ pé ọmọ yẹn ò ṣeé fọkàn tán."

Ìyá Ẹnjiníà gbá ògiri mú. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bíi pé Kí-nìdí fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn àtìmọ́lé mọ́ ọmọ náà. Ẹnjiníà wò ó, kò gbójú sílẹ̀.

Kí-nìdí yọ ike dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó tín-ín-rín ju irun lọ ló kún inú rẹ̀, kò sóhun téèyàn lè fi kà wọ́n tán. "Tí mo bá fi ìka kan èyí ńkọ́?"

"Á tẹ̀, mà," Ẹnjiníà dáhùn. "Tí ọ̀kan bá tẹ̀, bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Olè wo ló ń bo ibi tó ti jalè kó má baà bàjẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kí ló kàn án bí abẹ́rẹ́ bá tẹ̀? Ẹni tó bo ihò yìí fẹ́ padà wá. Ó yá prósẹ́sọ̀ yìí lò ni. Ibi tó ti ń lò ó ló kù ká wá."

"Ibikíbi ló lè jẹ́," Mo-ti-mọ̀ wí. "Kọ̀ǹpútà pọ̀ láyé."

"Ṣé ibikíbi ló lè jẹ́, Ẹnjiníà?"

"Rárá, mà. Prósẹ́sọ̀ kì í jókòó sórí bọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tiẹ̀. Iye abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ bá a mu. Gígé tó wà létí ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ihò mu. Mẹ́mọ́rì tí bọ́ọ̀dù yẹn ń lò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí prósẹ́sọ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Kí-nìdí gbé mẹ́mọ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. Gígé kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí láàárín gan-an. "A jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wa rèé. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí la máa gbà wọlé."

*

Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń lọ gba ẹ̀bùn. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Wọ́n pa ẹ̀rọ ibẹ̀, Kí-nìdí gbé mẹ́mọ́rì náà lé ojú ihò rẹ̀. Gígé kò bá gígé mu. Ẹ̀rọ yẹn ti dàgbà jù, mẹ́mọ́rì ayé àtijọ́ ló ń lò. Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé yàrá àwọn akáwó. Ibẹ̀, mẹ́mọ́rì náà wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀, akáwó àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tanná sí i, ẹ̀rọ náà kàn ń ké fíì fíì, kò jí.

"Kọ̀ǹpútà ilé ni wọ́n sọ di ńlá," Kí-nìdí wí. Ó rántí onígíláàsì inú ìsọ̀. "Ó gbà á lálejò, kò gbà á lọ́mọ. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, bàbá, ẹ nu ojú yín."

"Ó tán nìyẹn," Mo-ti-mọ̀ wí. "Kò sí sáfà mìíràn lọ́sibítù yìí."

"Kò sí ti ọsibítù," Ẹnjiníà wí jẹ́jẹ́. "Tiyín ńkọ́, sà? Ti inú yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Mo-ti-mọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀rọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó, ó fi gíláàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tan iná aláwọ̀ ojú ọ̀run sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá láti ọsibítù mìíràn ń bọ̀ lọ́la wá wò ó, kí òun náà lè kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti ń fi ẹ̀rọ yìí yangàn.

"Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi ni," ó ní.

"Kí nìdí tí kò fi kàn án?"

Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, Kí-nìdí sì kì mẹ́mọ́rì náà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó bá nínú rẹ̀. Ó wọlé. Wọ́n tanná. Ẹ̀rọ náà jí, ó ka ti àtijọ́, ó sì ka ti àlejò mọ́ ọn.

"Èmi nìkan ni mo ní irú ẹ̀ láyé ni?" Mo-ti-mọ̀ pariwo. "Owó mi ni mo fi ra prósẹ́sọ̀ mi! Ẹ ò lè fi ẹ̀rọ tó jọra pè mí lólè!"

"Òótọ́ lẹ sọ. Ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí." Kí-nìdí fa àga kan, ó jókòó. "Ìbéèrè kan péré ló kù. Ìdérí bọ́ọ̀dù yín dà?"

"Ìdérí kẹ̀?"

"Ìdérí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa kì í sọ ọ́ nù, ẹ̀yin sì kọ́ ọ dáadáa."

Ó lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó tú u. Ó tú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó tún padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí-nìdí jẹ́ kó wá a tó. Lẹ́yìn náà ló to ike funfun méjì sórí tábìlì, ó sì gbé ike dúdú sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ihò méjì ló wà lórí sáfà ọsibítù. Ìdérí ihò méjèèjì rèé, nínú dúrọ́ọ̀ Ẹnjiníà ni mo ti rí wọn láàárọ̀, àmì àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù ọsibítù sì wà lára wọn. Ibo wá ni ìdérí kẹta ti wá? Àmì mìíràn ló wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó kọjú sí Ọ̀gá Àgbà, "ẹ wo bọ́ọ̀dù inú gíláàsì yìí, kẹ́ ẹ bá mi wò ó bóyá àmì kan náà ni."

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó tún wo ike náà. Nígbà tó nàró, ó dà bíi pé ó ti dàgbà sí i. "Àmì kan náà ni."

Mo-ti-mọ̀ jókòó sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́. Ó ní prósẹ́sọ̀ tóun rà fún ẹ̀rọ náà, iye abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ihò mu, òun kò wo ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Ìran mìíràn ni. Gígé etí rẹ̀ kò bá ihò mu, òun sì fi agbára tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ sán kó tó kan abẹ́rẹ́, ó kú. Àwọn àlejò sì ti fẹ́ dé. "Wọn ì bá bi mí ìdí tí mo fi ra èyí tí kò bá bọ́ọ̀dù mu. Èmi! Ọjọ́ díẹ̀ péré ni mo fẹ́ fi yá a. Mi ò mọ̀ pé àwòrán máa falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà bi mí léèrè, mẹ́mọ́rì ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pe ọmọ ọlọ́mọ lólè." Inú ń bí Kí-nìdí, kò sì fi pa mọ́. "Ẹ bo abẹ́rẹ́ kó má baà tẹ̀. Ẹ rí ọmọ yìí níwájú yín, ẹ ò bò ó."

Ọ̀gá Àgbà wúkọ́ díẹ̀. "Ó dáa. Ọlọ́run ti bá wa yanjú ẹ̀. Ẹnjiníà, padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ. A ò ní jẹ́ kó jáde síta. Màá kàn ní kí wọ́n tẹ ìwé kékeré kan, wàá buwọ́ lù ú pé a ti parí ẹ̀ láàárín ara wa."

"Kò ní buwọ́ lù ú."

Ẹnjiníà kọ́ ló sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti wá dúró níwájú Ọ̀gá Àgbà nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Nínú gbọ̀ngàn lẹ ti pe ọmọ mi lólè, sà. Nínú gbọ̀ngàn náà lẹ máa ti sọ pé kò jalè."

"Nọ́ọ̀sì, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Kí-nìdí na bírò náà sí Ọ̀gá Àgbà. "Mo ní màá dá a padà. Àmọ́ ẹ ò nílò ẹ̀ fún èyí, sà. Ẹnu ló ń fẹ́."

Ẹnjiníà ti ṣí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó ti yọ prósẹ́sọ̀ jáde, ó sì gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá èyí padà," ó ní. "Àwọn aláìsàn ń dúró de àwòrán wọn."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ó tẹ̀ lé wọn lọ sí yàrá sáfà, ó ń yin ọmọ náà bó ṣe ń lọ. Ẹnjiníà gbé prósẹ́sọ̀ lé àyè rẹ̀, gígé bá gígé mu, ó fi òróró eléérú tó ń gbé ooru lọ sínú irin sí orí rẹ̀, ó sì de irin padà. Kí-nìdí tún gba bírò náà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà, ó sì tẹ́ ẹ lélẹ̀ láti orí irin kan dé èkejì. Kò yọ̀ mọ́. Wọ́n tanná, ojú ẹ̀rọ sì ka mẹ́mọ́rì lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ẹnjiníà nu òróró eléérú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ kan sí ìyá rẹ̀, ó sì yíjú sí ọkùnrin onírun funfun náà.

"Tèmi ti pé, sà. Ó ku tiyín. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ láàárọ̀ ti ń dúró dè yín nínú gbọ̀ngàn."